Corolla 2006 tí wọ́n ní kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀: ohun tí mo ṣe àti iye tó ná mi

Oṣù kejì ọdún 2024 ni mo ra Corolla 2006 kan ní Ìbàdàn. Kì í ṣe tòkunbọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan tó ti lò ó níbí fún ọdún 7 ni mo ti rà á, ₦2,900,000. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú rẹ̀, lítà 1.8, gíà rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀, máìlì 163,000 ló sì wà lójú mítà. Ẹni tó tà á kò fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ó ní ó ń gbóná nínú gósìlóò, ó ń mu epo bí ẹni mu omi, ó sì ti sú òun.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan ọkọ̀, ó tẹ́tí fún bí ìṣẹ́jú 2, ó ní: "Ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ, bọ̀ọ̀dá. Ẹ lọ wá ₦650,000, ká gbé òmíràn sí i." Kò yọ púlọ́ọ̀gì kan wò. Kò wo ọ́ìlì. Kò wo omi rédíétọ̀.

Télọ̀ ni mí. A kì í gé aṣọ oníbàárà láì kọ́kọ́ wọn ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò fi wọ̀ mí létí. Mo gbé ọkọ̀ mi padà sílé. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì kó wá máa ràn mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ náà nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ. Inú ìwé yẹn ni mo ti da gbogbo èyí kọ.

Ìpele 1: Kí n tó ná kọ́bọ̀

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wa ọkọ̀ náà, tí mo ń kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀.

1. Lójú ọ̀nà tó já gaara, abẹ́rẹ́ ìgbóná kì í kúrò nísàlẹ̀, àfi bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá há sínú gósìlóò Ìwó Road, kò ní tó ìṣẹ́jú 15 tí yóò fi kọjá àárín.
2. Bó bá dúró sójú kan láìpa, ẹ́ńjìnnì ń mísì, ìyẹn ni pé kò jó geere, sítíárìn ń gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́. Iná Check Engine kò kú rí.
3. Iwájú lápá ọ̀tún ń dún kó-kó-kó nínú kòtò.
4. Bíréèkì ń han.
5. Mo kún táǹkì dé ẹnu, mo rìn máìlì 140, ìyẹn kílómítà 225, mo tún kún un dé ẹnu. Lítà 31 ló gbà. Kílómítà 7.3 péré ni lítà kan ń gbé mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò sí ẹni tí irú èyí kò ní dùn.

Àkọsílẹ̀ kìíní yẹn ni mo tẹjú mọ́ jù. Ọkọ̀ tó tutù jù lójú ọ̀nà tó já, tó sì gbóná jù nínú gósìlóò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kì í yan ibi tí yóò ti tutù. Ohun tó ń darí omi ló yẹ kí á kọ́kọ́ wá lọ.

Ìpele 2: Ẹ́ńjìnnì tó ń mísì

Mo ra scanner kékeré tó ń ka àìsàn ọkọ̀ sójú fóònù ní ₦9,000. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lọ́wọ́ òsì awakọ̀, ni ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà. Nọ́ńbà méjì ló gbé jáde: P0302, tó túmọ̀ sí pé sílíńdà kejì (ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó) kò jó dáadáa, àti P0128, tó túmọ̀ sí pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Bí mo ṣe rí "mísì," ọjà Àràrọ̀mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gate ni mo sáré lọ, mo ra púlọ́ọ̀gì 4 ní ₦18,000. A wọn àlàfo ẹnu wọn, 1.1 mm, a dè wọ́n. Ẹ́ńjìnnì ń mísì bó ṣe ń mísì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wá tú àwọn tí a yọ wò, mẹ́ta nínú wọn ṣì mọ́, àwọ̀ wọn rí bí búrẹ́dì tó yan dáadáa. Ìkejì nìkan ló dúdú, tó tutù fún epo. Púlọ́ọ̀gì kan kì í tutù báyẹn fúnra rẹ̀. Epo ń wọlé, iná ni kò dé bá a.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kọ́ìlì mẹ́rin, tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀kan lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, sípánà 10 ló ń tú wọn. Apá ibi tí bẹ́líìtì wà ni a ti ń ka sílíńdà. A yọ kọ́ìlì kejì, a gbé e sórí ìkẹrin, a gbé ti ìkẹrin sórí ìkejì. Mo pa nọ́ńbà rẹ́ lójú scanner, mo wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, mo tún wò ó. P0304! Àìsàn náà ti tẹ̀lé kọ́ìlì lọ sórí ìkẹrin, a mọ olè.

Mo mú kọ́ìlì náà dání padà sí Àràrọ̀mí kí ìyá tó ń ta páàtì lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé òmíràn. Tòkunbọ̀, ₦15,000. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?" Wọ́n ní, "Gbé e padà wá kí ọjọ́ 3 tó pé, ọmọ mi." Ó ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ife omi lé orí rẹ̀ láti wò bóyá omi náà ń mì. Ojú omi ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni, kò sì dà.

Ìpele 3: Thermostat tí kò sí níbẹ̀

P0128 ló kù. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀yìn alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) ni ilé thermostat wà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń sé ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì. Àyè ibẹ̀ há, a ní láti tú alternator sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Nọ́ọ̀tì 2 ló de ìdérí rẹ̀, sípánà 10 náà ni.

A ṣí i. Kò sí thermostat. Góòmù ni wọ́n fi dí etí ìdérí náà, omi tó sì dà jáde pọ́n bí òjò tó ṣàn kọjá lórí páànù ilé Ìbàdàn àtijọ́. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń rọ sí i láti ọjọ́ pípẹ́ wá, irin inú ẹ́ńjìnnì sì ń dípẹtà sínú rẹ̀.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì pé ilẹ̀ wa gbóná, pé thermostat kò wúlò níbí. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ba ọkọ̀ tó pọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ méjì ni thermostat ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣe. Bí omi bá ṣì tutù, ó ń sé ọ̀nà rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n. Bí omi bá gbóná, bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ni ìdí rẹ̀ ń sé ọ̀nà kejì, ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́ dànù, ọ̀nà méjèèjì wà ní ṣíṣí. Lójú ọ̀nà tó já, atẹ́gùn pọ̀, ẹ́ńjìnnì tutù jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ni, ó ń tú epo kún epo. Nínú gósìlóò, díẹ̀ nínú omi gbígbóná ń gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìtutù. Ohun tó wà nínú ìwé mi gẹ́lẹ́ nìyẹn, àti P0128, àti lítà 31.

Thermostat àkọ́kọ́ tí mo rà jẹ́ ₦4,500. N kò dè é kí n tó dán an wò, inú mi sì dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi òwú ìránṣọ so ó kọ́ sórí igi tín-ín-rín kan, mo rì í sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù kí ó má fara kan ìdí ìkòkò, mo ki ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80°C sí 84°C. Omi dé 85, kò mira. Ó dé 92, kò mira. Omi hó, ó sì wà bí ó ṣe wà. Ayédèrú. Ká ní mo dè é ni, inú gósìlóò ni ǹ bá ti mọ̀.

Èkejì jẹ́ ₦12,000. Ní 82°C, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọwọ́, lẹ́yìn náà ó là gbàgà. Mo gbé e kúrò lórí iná, ó rọra pa ẹnu dé. Ihò kékeré kan wà létí rẹ̀ tí nǹkan bí bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ ń mì nínú rẹ̀. Òkè gan-an ni kí ẹ kọ ojú ihò yẹn sí bí ẹ bá ń dè é, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. A fọ góòmù àtijọ́ kúrò, a fi róbà tirẹ̀ sí i, a da omi ẹ̀rọ sínú ẹ́ńjìnnì, a tú u dànù, a tún dà á títí omi fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ni a rọ coolant (omi ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà) tí wọ́n ti pò tán sí i, gálọ́ọ̀nù lítà 4 méjì.

Ìpele 4: Mọ́kọ́lá

Ìdùnnú ìpele 3 ló fà á tí n kò fi jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà omi jáde. Mo rọ coolant dé ẹnu, mo dé e, mo ta mọ́ ọ̀nà. Lórí afárá Mọ́kọ́lá ni abẹ́rẹ́ ti gbéra, tó kọjá àárín, tó ń lọ sí ojú pupa. Mo tan heater dé òpin kí ó lè fa ìgbóná kúrò lára ẹ́ńjìnnì, mo wa ọkọ̀ kúrò lórí afárá, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa á.

Ènìyàn 2 ló wá bá mi pé kí n ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò ṣí i. Omi tó wà níbẹ̀ lé ní 100°C, ìdérí yẹn nìkan ló há a mọ́. Bí ẹ bá ṣí i, ojú yín ló máa bá. Ìṣẹ́jú 45 ni mo dúró, títí mo fi lè gbé ọwọ́ lé hóòsì òkè láìfà á sẹ́yìn.

Ẹ̀rù top gasket (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) bà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí orí ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ alumíníọ́mù, ìgbóná sì lè tẹ̀ ẹ́. Nǹkan 3 la wò: ọ̀pá ọ́ìlì, bóyá ọ́ìlì ti pò mọ́ omi tó dà bí tíì onímílíìkì, ẹnu sàlẹ́ńsà, bóyá èéfín funfun ń jáde láìdáwọ́ dúró, ẹnu rédíétọ̀ tó ti tutù, bóyá ìfófó ń hó nígbà tí a bá tan ọkọ̀. Kò sí ìkankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló fà á ṣá. Nígbà tí a tan ọkọ̀ tó gbóná, tí a sì pa á, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ wá ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkè gbóná. Àárín tutù. "Ọ́ńkù, ó ti dí," ló wí. Ìpẹtà ọdún wọ̀nyí ti ká sínú ihò tín-ín-rín rẹ̀. Tòkunbọ̀ rédíétọ̀ jẹ́ ₦48,000 ní Àràrọ̀mí. A rọ omi sínú rẹ̀ lójú oníṣòwò náà, a gbé e dúró fún ìṣẹ́jú 10, kò jò, kí a tó sanwó. Ìdérí tuntun, ₦3,500. Róbà ti àtijọ́ ti ya. Hóòsì òkè àti kílíìpù, ₦6,500. A gba coolant sínú báàsì tó mọ́ kí a lè lò ó padà, ṣùgbọ́n ó ti dà nù púpọ̀, mo ní láti ra gálọ́ọ̀nù kẹta.

Fáànù tó ń fẹ́ rédíétọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ti so ó mọ́ wáyà kọ́kọ́rọ́ ní tààrà, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti tan ọkọ̀ ló ti ń fẹ́. Téèpù dúdú ni wọ́n fi wé oríkèé wáyà náà, téèpù ọ̀hún sì ti yọ́ mọ́ wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó di iná. Mo gbé e lọ bá réwáyà kan, mo ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ó ṣe ti iléeṣẹ́ wá, pẹ̀lú relay (ohun kékeré tó ń tan fáànù tó sì ń pa á) tuntun. ₦10,000. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé mi ò fẹ́ kó máa fẹ́ nígbà gbogbo. Ó dá mi lójú.

Lọ́tẹ̀ yìí, a lé afẹ́fẹ́ jáde: a gbé imú ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ tó dagun, a ṣí ìdérí nígbà tó ṣì tutù, a yí heater sí gbígbóná, a tan ọkọ̀, a ń fún hóòsì òkè tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, ìfófó ń jáde, a ń rọ coolant sí i. Ó tó ìṣẹ́jú 25 kí fáànù tó fúnra rẹ̀ tan tó sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà la dé e.

Mo padà sí Ìwó Road ní agogo 2 ọ̀sán, scanner wà lójú fóònù mi. Nínú gósìlóò ibi tí ó dé gbẹ̀yìn ni 95°C, fáànù tan, ó sọ̀ kalẹ̀. Lójú ọ̀nà tó já, ó ń ṣe 84 sí 88. Abẹ́rẹ́ dúró síbì kan nísàlẹ̀ àárín bí ẹni tí wọ́n kàn ní ìṣó. P0128 kò padà wá mọ́.

Ìpele 5: Ìró iwájú àti bíréèkì

Èyí kò pẹ́. Wọ́n ti sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀kù ló ń dún. Mo fi ara tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, mo fi í sílẹ̀: ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ṣọ́ọ̀kù tó ti kú máa ń jó ni. A jáàkì í sókè, a gbé e lé orí stand (jáàkì nìkan kò tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé), ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di línkéèjì stabilizer (ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kù) mú, ó mì ín, ó ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, ₦8,000. Sípánà 17.

Bíréèkì páàdì tó wà nínú lápá òsì ti kù 2 mm, ti ìta sì ṣì ní 6. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe páàdì nìkan ló ní àrùn: píìnì tí caliper (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) ń rìn lórí rẹ̀ ti gan. A yọ ọ́, a fi pépà oníyanrìn ha ìpẹtà rẹ̀, a fi gíríìsì bíréèkì sí i títí ó fi ń yọ̀ wọlé wọ̀de. Páàdì ₦14,000, gíríìsì ₦1,500. Nọ́ọ̀tì táyà, 103 Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún un. Ẹ má jẹ́ kí fọ́káńáísà kan gun orí sípánà láti fún un.

Ìpele 6: Ọ́ìlì

Ọ́ìlì 5W-30, gálọ́ọ̀nù lítà 4, ₦24,000; filter ₦3,000. Lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà pẹ̀lú filter. Àṣà wa ni láti da gbogbo gálọ́ọ̀nù náà sínú rẹ̀ torí a ti sanwó rẹ̀. Mo wọn ìyókù sínú ìgò, mo sì tọ́jú rẹ̀ fún àfikún. Lẹ́yìn máìlì 600, ọ̀pá ọ́ìlì kò tíì sọ̀ kalẹ̀ ju ìbú òwú kan lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó ti lọ nìyí.

Mo tún ìdánwò epo ṣe, ilé epo kan náà, ọ̀nà kan náà: máìlì 163, ìyẹn kílómítà 262, lítà 23. Kílómítà 11.4 fún lítà kan.

Owó

Scanner: ₦9,000
Púlọ́ọ̀gì 4: ₦18,000
Kọ́ìlì: ₦15,000
Thermostat ayédèrú: ₦4,500
Thermostat tó dára: ₦12,000
Coolant, gálọ́ọ̀nù 3: ₦25,500
Rédíétọ̀: ₦48,000
Ìdérí, hóòsì, kílíìpù: ₦10,000
Réwáyà àti relay: ₦10,000
Línkéèjì: ₦8,000
Páàdì àti gíríìsì: ₦15,500
Ọ́ìlì àti filter: ₦27,000
Owó iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: ₦20,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦222,500, láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Púlọ́ọ̀gì, thermostat ayédèrú àti gálọ́ọ̀nù coolant kan, ₦31,000, ìkánjú mi ló jẹ ẹ́. Ohun tí ọjọ́ ogbó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fà kò pọ̀: kọ́ìlì, línkéèjì, páàdì. Thermostat tí wọ́n yọ dànù, omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń rọ, fáànù tí wọ́n so ní tààrà, ọwọ́ àwọn tó tún un ṣe ló ti wá, àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ló sì jẹ owó mi jù.

Ó ku nǹkan 2. Engine seat, ìyẹn róbà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ti là lápá ọ̀tún. Mo máa ń mọ̀ ọ́n bí mo bá ki gíà sí D, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦16,000 nígbà tí mo béèrè. AC náà kò tutù, n kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Máìlì 164,870 ló wà lójú mítà lónìí. Mo ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí yóò dé kí n tó tún pààrọ̀ ọ́ìlì.